Fìlà Bàbá Moses Tí Ṣọlápé Ṣí Lójú Ayé

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná kí n tó sọ tọmọ ọmọ mi. Àwọn kan ń sọ pé kàtúùnù, àwọn àwòrán tí wọ́n yà tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ lójú fóònù yẹn, pé ti ọmọdé ni. Irọ́ ni! Èmi yìí, eyín mi kò pé lẹ́nu mọ́, mo ti rí ọmọ ọmọ, mo sì ń wò ó. Èyí tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà ni mo tiẹ̀ fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya láìfi ewé bò ó. Bí mo bá rẹ́rìn-ín tán, ìró mi á ti tú, n óò tún un ró.

Pásítọ̀ wa ní kò dára. Mo ní, "Pásítọ̀, àwọn ọmọ tó kún ilé yín yẹn, ṣé ọjà lẹ ti rà wọ́n?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá bú ẹ̀fẹ̀ àgbà. Ohun tí ojú Ṣọlápé rí nídìí ẹ̀fẹ̀ àgbà ní Kábà níbí ni mo fẹ́ sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Màmá, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ í sọ."

Ọmọbìnrin mi ló bí Ṣọlápé. Aránṣọ ni. Philip ọkọ rẹ̀ wá láti agboolé ńlá kan níbí, ilé tí Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ti ń bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan náà. Láti kékeré ni Ọlọ́run ti fún ọmọ yìí ní ẹ̀bùn kan: kò sí ohùn tí kò lè sín jẹ. Bó bá sín mi jẹ, èmi fúnra mi á fẹ́ dáhùn.

Nílé ọkọ rẹ̀ yìí, bí ìyàwó tuntun bá fẹ́ wọlé, àwọn ìyàwó ilé máa ń pè é jókòó ní yàrá ẹ̀yìn lọ́sàn-án. Wọ́n á gbé ẹ̀gúsí síwájú, wọ́n á máa bó o. Wọ́n á fi ọmọ odó dábùú ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kì í ré ọmọ odó yẹn kọjá, ọmọge tí kò tíì lọ́kọ kì í ré e kọjá. Níbẹ̀ ni kálukú á ti sọ ohun tójú rẹ̀ rí ní yàrá ọkọ, kí ẹ̀rù lè kúrò lára ìyàwó. Háà! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kàtúùnù àgbà kankan kò tó o. Bí wọ́n bá sì fẹ́ dìde, àgbà wọn á ní, "Ohun tí a bó níbí, ibí lèèpo rẹ̀ ń gbé."

Ọdún tó kọjá, Virtue ni wọ́n pè jókòó, ọmọ Ìsánlú, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó ń gbọ̀n. Màmá Martha, tó jẹ́ àgbà gbogbo ìyàwó ilé náà, opó Bàbá Moses, wò ó títí.

"Ìyàwó, máa bó ẹ̀gúsí ẹ," ló wí. "Ṣé o rí ọkọ tèmi? Àgbẹ̀ paraku. Bàtà rọ́bà oko ló máa ń wọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Á wá dúró, á kí mi bí àlejò: 'Okun o. Ṣé kí n bọ́ bàtà?' Èmi náà á ní, 'Bọ́ bàtà, fi fìlà sílẹ̀!'"

Àwọn obìnrin ṣubú lu ara wọn. Virtue náà bú sẹ́rìn-ín, ó gbàgbé pé òun ń gbọ̀n.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Màmá Martha sọ èyí tó kù. Ó ní iná jó ọkọ òun lórí nígbà èwe, awọ orí náà hunjọ bí iṣu sísun, irun kò hù síbẹ̀ mọ́. Ojú máa ń tì í. Lọ́jọ́ tí òun wọlé dé, òun rí i tó di fìlà náà mú bí ẹni tí olè fẹ́ jà lólè, ni òun bá ní kó fi í sílẹ̀ lórí.

"Títí ó fi kú, èmi nìkan ló rí orí yẹn," ló wí. "Èmi ni mo dé e ní fìlà kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sínú pósí."

Wọ́n nu ojú, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ṣọlápé wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ létí.

Ẹ wá gbọ́. Ọkùnrin kan wà, Olúṣèyí, tí òun àti Ṣọlápé jọ ka ìwé. Ó ń tún fóònù ṣe, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà ya kàtúùnù àgbàlagbà. Ìyá arúgbó kan ló yà, eyín kan ṣoṣo, gèlè gàgàrà, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ìyá Ata. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ata ń sọ, àfi kí ẹ lé ọmọ jáde. Gbogbo Kábà ń wò ó, wọn kò sì mọ̀ pé ọmọ ọmọ mi ló ni ohùn náà.

Àká àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé bàbá Olúṣèyí ni wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, nítorí ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, ariwo ọ̀kadà kì í wọ ibẹ̀. Ewúrẹ́ kan há sẹ́nu ọ̀nà níjọ́ kan, ó ké, Olúṣèyí fi igbe ewúrẹ́ náà sílẹ̀ nínú eré, ayé fẹ́ràn rẹ̀.

Philip kò gbọ́ sí i rárá. Philip tó jẹ́ pé bó bá bá Ìyá Ata lójú fóònù ẹnikẹ́ni, á ní, "Àgbàlagbà ń wo àwòrán! Ìranù gbáà. Ìyá Testimony, má jẹ́ kí n rí i nínú fóònù rẹ o."

"N kò ní í wò ó, Bàbá Testimony," ni Ṣọlápé máa ń fèsì. Kò kúkú purọ́. Kì í wò ó. Òun ló ń sọ ọ́.

Ìgbà tó yá, Ìyá Ata tutù. Wọ́n gbé eré méjì jáde, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olúṣèyí pe Ṣọlápé wá sí àká.

"Wọ́n ní eyín kan tó kù lẹ́nu Ìyá Ata ti yọ," ló wí. "Mú nǹkan gbígbóná wá."

"N kò ní."

"O wà nínú ilé tó kún fún àwọn àgbà obìnrin, o ní o kò ní?"

Ṣọlápé gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O ní nǹkan! Mo rí i lójú ẹ!"

"Ọ̀rọ̀ ilé ni. Kò ṣeé sọ."

"Gbọ́, ọmọ kíláàsì mi. Bí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò nítìjú. Bí àwòrán bá sọ ọ́, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín. Ojú wo ni àwòrán ní tí yóò tì í? Ìdí tí mo fi ń yà á nìyẹn."

Mo bi Ṣọlápé léèrè bóyá owó ló tàn án. Ó ní rárá. Ó ní ẹ̀rín ni. Ó ní òun á jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn oníbàárà á máa gbọ́ Ìyá Ata, wọ́n á máa fọwọ́ lu itan, òun á sì tẹríba mọ́ aṣọ, inú òun á máa dùn bí ẹni jẹ oyin ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rín yẹn ló fẹ́ gbà padà.

"Má fi orúkọ kankan sí i o," ló wí.

"Orúkọ wo? Àwòrán ni!"

Ó bá sọ ọ́. Ó sín Màmá Martha jẹ, tòun ti bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń kẹ̀ díẹ̀ níparí: "Bọ́ bàtà, fi fìlà sílẹ̀!" Olúṣèyí rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú kúrò lórí àga.

"Ó dáa, kí ló wà lábẹ́ fìlà?" ló bi í.

Ibẹ̀ gan-an ni ì bá ti pa ẹnu dé. Kò pa á dé. Ó sọ ti iná, ó sọ ti awọ tó hunjọ bí iṣu sísun.

Nígbà tí eré náà jáde, Olúṣèyí ti fi tirẹ̀ kún un. Eku kan ló já láti òrùlé, tó fa fìlà ọkọ Ìyá Ata yọ. Orí náà hàn gbangba, èéfín ń jáde lára rẹ̀, Ìyá Ata sì gbé ọ̀bẹ àti epo pupa dání. Ọkọ sá jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Kábà gbóná! Ọlọ́kadà á ké, "Bọ́ bàtà!" Èrò ẹ̀yìn rẹ̀ á dáhùn, "Fi fìlà sílẹ̀!" Àwọn ọmọ iléèwé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ìyá tó wá gba bùláòsì lọ́wọ́ Ṣọlápé ní, "Aránṣọ, ṣé mo lè bọ́ bàtà wọlé, àbí fìlà?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó. Ṣọlápé náà rẹ́rìn-ín, ó sì ká bùláòsì náà fún un kíákíá.

Virtue ló kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá. Oyún rẹ̀ ti yọ síta nígbà yẹn, ó di fóònù mú.

"Ìyáálé mi, ẹ ti rí i?"

"Kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí báyẹn. Ọ̀rọ̀ yàrá ni. Ọ̀rọ̀ Màmá ni! Ta ló gbé e jáde?"

"Mo... mi ò mọ̀."

"Èmi ni wọ́n máa mú. Èmi ni mo dé kẹ́yìn, èmi sì ni fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́."

"Kò sẹ́ni tó máa mú ọ," ni Ṣọlápé wí, ó sì ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí Virtue jáde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òwú ti tán lójú abẹ́rẹ́. Aṣọ lásán ló ń gún.

Ó sáré lọ bá Olúṣèyí. "Pa á rẹ́!"

"Kí n pa kí ni rẹ́? Ó ti dé Lọ́kọ́ja, ó ti dé Èkó. Ṣé mo lè pa á rẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé?"

"Orí òkú ni! Orí bàbá kan ni!"

Olúṣèyí wò ó. "Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi, Ṣọlápé."

Ọjọ́ ọjà dé. Màmá Martha àti Àsíyátù, ìyá Fàhàd, tó tẹ̀ lé e ní ipò láàárín ìyàwó ilé, wọ bọ́ọ̀sì pé àwọn ń lọ sí Odò-Àpẹ. Àgbẹ̀ kan dá ọkọ̀ dúró lọ́nà, ẹrẹ̀ kún bàtà rọ́bà rẹ̀.

Kọ̀ndọ́ ní, "Bàbá, bọ́ bàtà!"

Gbogbo ọkọ̀ hó, "Fi fìlà sílẹ̀!"

Màmá Martha yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í, ọmọ dáadáa tí kò mọ nǹkan kan, na fóònù sí i. "Màmá, ẹ kò tíì wò ó? Ẹ wò ó, kí ẹ rẹ́rìn-ín."

Ó wò ó. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó rí eku. Ó rí orí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ dúró," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀."

"Màmá, a kò tíì dé o!"

"Mo ní n óò sọ̀."

Àsíyátù sọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé ẹrù wọn padà sílé láìtà. Àsíyátù ní kò sọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀nà, àfi ìgbà kan tó ní, "Mo dé e ní fìlà náà dáadáa. Mo fọwọ́ mi dé e."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọmọ odó dábùú ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Kò sí ẹ̀gúsí. Gbogbo ìyàwó ilé jókòó, ọwọ́ wọn sì ṣófo.

Àsíyátù kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ta ló ń fi fóònù sùn nílé yìí? Ta ló ń ya fọ́tò ọbẹ̀ kó tó jẹ ẹ́?"

Gbogbo ojú lọ sára Virtue.

Ó kúnlẹ̀ tòun ti oyún. "Ìyá Fàhàd, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, èmi kọ́."

"Láyé tí a ti ń jókòó níbí, ọ̀rọ̀ kò jáde rí. Ìwọ wọlé, ọ̀rọ̀ jáde. Kí la fẹ́ pe ìyẹn?"

"Ẹ fún mi ní Bíbélì, n óò búra."

"Búra fún ara rẹ! Gbọ́ o: bí o kò bá jẹ́wọ́ lónìí, tó o bá bímọ, kò sí ọwọ́ ìyàwó ilé yìí tó máa wẹ ọmọ náà. Kí ìyá rẹ wá wẹ̀ ẹ́ láti Ìsánlú."

Virtue gbójú sókè. "N kò ní ìyá. Ẹ mọ̀ pé n kò ní ìyá. Ẹ̀yin ni mo ní."

Ó bú sẹ́kún. Nílé yẹn, ọmọ tí ìyàwó ilé kò bá wẹ̀, àlejò ni. Kò sẹ́ni tó máa pè é lọ́mọ wa. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, Ṣọlápé mọ̀ ọ́n. Ó ní òun la ẹnu, ohùn kò jáde. Ẹnu tó ń sín gbogbo ayé jẹ, kò rí tirẹ̀ sọ. Ó ń rò pé bóun bá jẹ́wọ́, òun ni wọ́n máa lé. Ó ń rò pé bóyá wọ́n á dárí ji Virtue bó bá yá.

Ìgbà náà ni Màmá Martha ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Ẹni tó ṣe é, ohùn mi ló gbé wọ̀. Kí kálukú sọ ọ́ bí Ìyá Ata ṣe ń sọ ọ́. Àsíyátù, bẹ̀rẹ̀."

Àsíyátù sọ ọ́. Ohùn ọkùnrin ló ní, ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó tẹ̀ lé e sọ ọ́. Virtue fi ẹkún sọ ọ́, ó sín Màmá jẹ bó ṣe mọ, kò jọ ọ́ rárá. Ó ń yí bọ̀.

Ó kàn án.

"Bọ́ bàtà, fi fìlà sílẹ̀." Ó sọ ọ́ pẹlẹbẹ, bí ọmọ tí wọ́n ní kó ka ìwé tí kò yé e.



Màmá Martha wò ó. "Ṣọlápé."

"Màmá."

"Ìwọ tó o sín mi jẹ nígbà ìsọmọlórúkọ Testimony, tí ọkọ mi fi dáhùn láti ìta pé òun ń bọ̀. Ìwọ tó o sín Ìyá Fàhàd jẹ, tí Fàhàd fi sáré wá gba oúnjẹ. Lónìí, ìwọ nìkan ni kò tiẹ̀ gbìyànjú?"

Ó ti tán. Ó dojú bolẹ̀. "Èmi ni, Màmá. Èmi ni. Virtue kò mọ nǹkan kan."

Àsíyátù dìde. "Ìwọ! O jókòó síbẹ̀, o ń wò ó bí mo ṣe ń fi èébú wẹ aboyún?"

"Jókòó, Àsíyátù," ni Màmá Martha wí. Ó kọ́kọ́ fa Virtue dìde, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú fún un. Lẹ́yìn náà ló tó yíjú sí Ṣọlápé.

"Mo ti ń gbọ́ Ìyá Ata yẹn tipẹ́," ló wí. "Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ìwọ ni. Ì bá tiẹ̀ dùn mọ́ mi. Kì í ṣe pé o ṣe ẹ̀fẹ̀ ọkọ àtaya. Èmi ni mo fi ẹ̀fẹ̀ náà kọ́ yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rẹ́rìn-ín ọkọ mi níbí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A mọ̀ pé òun ló gbé Àsíyátù sẹ́yìn ọ̀kadà dé ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀ nígbà tí ìrọbí fẹ́ pa á. A rẹ́rìn-ín ọkọ mi nítorí a fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ará bọ́ọ̀sì yẹn, ta ni wọ́n rẹ́rìn-ín? Orí lásán ni o fún wọn. O kò fún wọn ní ènìyàn."

Ṣọlápé kò lè gbójú sókè.

"N kò ní lé ọ," ni Màmá Martha wí. "Ìyàwó ilé ni ọ́. Ṣùgbọ́n o kò ní jókòó ní yàrá yìí mọ́, títí èmi fúnra mi yóò fi pè ọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Philip. Philip kò pariwo. Ó ní, "Èmi tí mò ń pè é ní ìranù, ìyàwó mi ló ń sọ ọ́," ó sì gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ jẹ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Olúṣèyí yọ eré náà kúrò lójú òpó tirẹ̀, ṣùgbọ́n tọwọ́ ayé kò ṣeé yọ. Títí di òní, ẹ ṣì lè gbọ́ ọ ní gáréèjì.

Virtue bímọ, obìnrin làǹtìlanti. Gbogbo ìyàwó ilé ló wẹ̀ ẹ́. Ṣọlápé ló gbé omi gbígbóná wá, Virtue sì fúnra rẹ̀ ní, "Ìyáálé mi, ẹ wọlé, ẹ fọwọ́ yín kàn án." Ó fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn jọjọ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo jó nínú ilé mi, èmi nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ máa wo kàtúùnù yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ jáde nínú yàrá, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹni tó ni ín máa bá yín rẹ́rìn-ín níta.

Oṣù tó kọjá, wọ́n ń gbé ìyàwó míràn wọlé, Ìdùnnúolúwa lórúkọ rẹ̀. Ṣọlápé jókòó síta pẹ̀lú àwọn ọmọge, wọ́n ń ṣa ìrẹsì. Ẹ̀rín ta nínú yàrá ẹ̀yìn, ó mi ilé. Ohùn Màmá Martha ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Ṣọlápé ní ètè òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ kí òun tó mọ̀, ni òun bá fi eyín dì í mú.

Emmanuella, àbúrò ọkọ rẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ tì í. "Ìyàwó wa, kí ni wọ́n ń sọ tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín tó báyìí?"

"N kò gbọ́."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ilẹ̀kùn jù. Ẹ fetí sí i, kí ẹ sọ fún wa!"

Ṣọlápé dìde. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó gbé àtẹ ìrẹsì rẹ̀, ó rìn lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, níbi tí kò ti lè gbọ́ nǹkan kan, ó sì jókòó.